Láti Orí AutoCAD Bọ́ Sórí SolidWorks: Ohun Tí Ẹ̀rọ Ẹ̀gẹ́ Kọ́ Mi

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ya àwòrán ẹ̀rọ fún àwọn tó ń fi irin ṣe nǹkan: ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́, èyí tí wọ́n fi ń fún omi rẹ̀ dànù, agbada tí wọ́n fi ń yan gààrí, àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún epo pupa. Ìbàdàn ni mo ti ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi lo AutoCAD nìkan kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo SolidWorks, tí mo sì wá fi FreeCAD kún un nígbà tó yá; ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń yàwòrán ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n ṣì wà lórí AutoCAD máa ń bi mí pé ṣé ó le, ìdáhùn mi kì í sì í kúrú, nítorí pé ibi tí ó ti le kọ́ ni ibi tí wọ́n rò. Ọwọ́ tètè ń mọ ibi tí bọ́tìnnì wà. Ohun tí ó ń pẹ́ kí ó tó yí padà ni èrò ẹni nípa ohun tí àwòrán jẹ́, àti nípa ohun tí ayàwòrán gbọ́dọ̀ ti pinnu kí ó tó fọwọ́ kan máùsì rárá.

N kò wá láti bu AutoCAD kù, nítorí pé òun ni mo fi kọ́ iṣẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1982 ni ilé-iṣẹ́ Autodesk, tí John Walker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, gbé e jáde, ohun tí ó sì mú kí ó tàn kálẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà kékeré tí a ń gbé ka orí tábìlì lè gbé e, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó lówó kọ̀ǹpútà ńlá ni wọ́n sábà máa ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán ṣáájú ìgbà náà. Ó gba ayàwòrán lọ́wọ́ bọ́ọ̀dù àti T-square, rúlà gígùn tí a fi ń fa ìlà, ó sì gbà á lọ́wọ́ bíléèdì tí a fi ń họ íńkì kúrò lára pépà nígbà tí oníbàárà bá yí ọkàn padà. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n lò kì í wá bọ́tìnnì kankan kiri: ọwọ́ òsì rẹ̀ ń tẹ L fún ìlà, ó ń tẹ TR láti gé ìlà tó kọjá ààyè rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ń darí máùsì, ìyára yẹn sì wà lára ìdí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò fi fẹ́ kúrò níbẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí SolidWorks, àwòrán tí kì í gbà mí lákòókò tẹ́lẹ̀ ń gba gbogbo òwúrọ̀ mi. Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ kọjá mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí fún ìgbà díẹ̀, kí ó má sì fi iṣẹ́ tí oníbàárà ń kánjú gbà bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìlà ni ohun tí AutoCAD mọ̀. Bí mo bá ya òbírí kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 30 mílímítà, AutoCAD kò mọ̀ bóyá ihò ni tàbí ojú ṣáàfù, ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ̀rọ. Èmi tí mo yà á ni mo mọ̀, àti ẹni tí yóò kà á. Àwòrán iwájú, àwòrán òkè àti àwòrán ẹ̀gbẹ́ jẹ́ ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọn kò mọ ara wọn, orí ayàwòrán nìkan ni wọ́n ti ń pàdé. Oníbàárà a dé, a ní kí a jẹ́ kí ẹ̀rọ náà gùn díẹ̀ sí i, nítorí pé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń rí rà ní ìlú rẹ̀ ti pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó sọ, ṣùgbọ́n mo ní láti fa àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gùn, kí n tún èyí tó fi inú ẹ̀rọ hàn yà, kí n tún iye irin tí a óò rà kọ, kí n sì yẹ gbogbo nọ́ńbà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́ kù tí kò yí padà, ẹni tí yóò gé irin lè jẹ́ pé òun gan-an ni yóò kà. Ẹni tó bá ní sùúrù lè ṣe gbogbo èyí láìsí àléébù, àwọn ayàwòrán tó ṣáájú wa sì ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí mo ń sọ ni pé gbogbo agbára ayàwòrán ń lọ sórí kí àwòrán má ṣe ta ko ara rẹ̀, dípò kí ó lọ sórí ẹ̀rọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun tí ó mú SolidWorks yàtọ̀ ni pé nǹkan ní gígùn, ìbú àti gíga nínú rẹ̀, tí a sì lè yí i wò kiri. Kì í ṣe èyí. Láti àwọn ọdún 1980 ni AutoCAD fúnra rẹ̀ ti lè ya ohun tó ní gíga, mo sì mọ àwọn tó ń yà á níbẹ̀ dáadáa. Ìyàtọ̀ tí mò ń sọ ti pẹ́ ju AutoCAD lọ. Ní ọdún 1963, ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, Ivan Sutherland fi ètò kan tó ń jẹ́ Sketchpad hàn, nínú èyí tí ènìyàn ti lè sọ fún kọ̀ǹpútà pé kí ìlà méjì wà ní ọgbọọgba, kí kọ̀ǹpútà sì mú àṣẹ náà ṣẹ fúnra rẹ̀ bí a bá tilẹ̀ fa ọ̀kan nínú wọn kúrò níbi tó wà. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń parí lọ, ilé-iṣẹ́ tí Samuel Geisberg dá sílẹ̀ gbé ètò Pro/ENGINEER jáde, èyí tó mú irú èrò bẹ́ẹ̀ wọ inú iṣẹ́ ẹ̀rọ gidi, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, kọ̀ǹpútà tó sì ń lò kì í ṣe èyí tó wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Jon Hirschtick dá SolidWorks sílẹ̀ ní 1993, wọ́n gbé e jáde ní 1995 fún kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows, ilé-iṣẹ́ Dassault Systèmes ti ilẹ̀ Faransé sì rà á ní 1997. Dassault yìí kan náà ló ni CATIA, ètò ìyàwòrán mìíràn tí ilé-iṣẹ́ Boeing lò láti fi ya ọkọ̀ òfuurufú 777, tó kọ́kọ́ fò ní oṣù Kẹfà ọdún 1994. Mo ń sọ ìtàn yìí kí ẹni tó ń kà á lè mọ̀ pé kì í ṣe àṣà tuntun kan ni a ní kó wá tẹ̀ lé. Ohun tí wọ́n ti ń wá láti ìgbà náà ni ọ̀nà tí ayàwòrán yóò fi sọ ìdí tí ìwọ̀n kan fi rí bí ó ṣe rí, kí kọ̀ǹpútà sì pa ìdí náà mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ṣàlàyé, nítorí pé òun ni mo mọ̀ jù. Róólà ni ọkàn rẹ̀, tí a fi páànù tí a dá lu kéékèèké yí lára, tí ẹnu ihò rẹ̀ mímú sì kọjú síta láti máa fi ya ẹ̀gẹ́. Róólà yìí wà lórí ṣáàfù, ṣáàfù wà lórí bẹ́ríǹgì méjì, púlì wà ní ìpẹ̀kun ṣáàfù, bẹ́líìtì sì so púlì mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí mo bá fẹ́ ya ṣáàfù ní AutoCAD, mo kàn máa tẹ 30 ni, ó sì parí. Ní SolidWorks, àwòrán ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sketch ni a ó kọ́kọ́ yà, ìlà rẹ̀ a sì máa ní àwọ̀ búlúù títí a ó fi sọ ibi tí ó wà àti bí ó ti tóbi tó. Nígbà náà ni yóò tó di dúdú. Bí a bá sọ ohun méjì tó ta ko ara wọn, yóò yí àwọ̀ padà láti kéde rẹ̀. Ẹni tó ti orí AutoCAD bọ̀ máa ń wo ìlà búlúù, kí ó rí i pé ó dára lójú, kí ó sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n búlúù ń sọ pé ohun yìí ṣì lè rìn kúrò níbi tó wà, pé kò tíì sí ẹni tó sọ ìdí tí ó fi dúró síbẹ̀. Mo ti sọ ọ́ di òfin fún ara mi àti fún gbogbo ọmọ iṣẹ́ tó bá wà lọ́dọ̀ mi pé a kò ní fi ìlà búlúù sílẹ̀ lọ jẹun.

Ìdí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Kí ló dé tí ṣáàfù fi jẹ́ 30? Nítorí pé bẹ́ríǹgì UCP 206 ni a óò lò ni, òun sì ni ó ń gba ṣáàfù 30 mílímítà. Bí oníbàárà bá fẹ́ ẹ́ńjìnnì tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, a lè bọ́ sórí UCP 207, ṣáàfù yóò sì di 35. Nítorí náà bẹ́ríǹgì ni ó ń pàṣẹ, ṣáàfù ni ó ń gbọ́ràn, ihò bóòtù tó wà lára férémù náà sì gbọ́dọ̀ máa gbọ́ràn sí bẹ́ríǹgì kan náà. Bí mo bá ti so wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyípadà kan yóò dé gbogbo ibi tó yẹ kó dé. Bí mo bá kàn tẹ 30 síbí, tí mo sì tẹ ìwọ̀n ihò bóòtù sọ́hùn-ún láìso wọ́n, AutoCAD ni mo ṣì ń lò nínú aṣọ SolidWorks, ọ̀pọ̀ àwòrán tí mo ti rí lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn ló sì rí bẹ́ẹ̀: ó lẹ́wà, ó ń yí, ṣùgbọ́n bí o bá yí nọ́ńbà kan padà, gbogbo rẹ̀ a fọ́.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àlàfo tó wà láàárín róólà àti àpótí tó bò ó. Bí àlàfo náà bá fẹ̀ jù, ẹ̀gẹ́ tí kò kúnná yóò máa gba ibẹ̀ já bọ́. Bí ó bá sì há jù, róólà lè máa họ irin. Ìwọ̀n àlàfo yìí ni mo mọ̀ láti ibi iṣẹ́, òun ni kò sì yẹ kí ó yí padà nígbà tí róólà bá ń tóbi sí i. Nítorí náà n kì í kọ ìwọ̀n àpótí rárá. Ohun tí mo máa ń kọ fún SolidWorks ni pé kí inú àpótí jẹ́ ìwọ̀n róólà pẹ̀lú àlàfo, yóò sì ṣírò ìyókù. Ìlà ìṣirò kúkúrú bẹ́ẹ̀ ń pa ìmọ̀ tí ó wà lórí ọ̀gá tó ti kan ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ mọ́ sínú àwòrán, ìmọ̀ yẹn sì wà níbẹ̀ fún ẹni tí kò tilẹ̀ bá ọ̀gá náà pàdé rí. Lójú tèmi, ohun tó níye lórí jù lọ tí mo rí gbà nínú gbogbo ìrìn àjò yìí nìyẹn.

Látàrí èyí, kí n tó ṣí kọ̀ǹpútà, mo máa ń mú bébà, n ó sì kọ àwọn ìwọ̀n tó ń pàṣẹ sílẹ̀. Fún ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́, wọn kì í pọ̀: gígùn róólà àti ìbú rẹ̀, irú bẹ́ríǹgì, àlàfo, ìnípọn páànù, àti gíga tí ẹnu ẹ̀rọ yóò wà, kí obìnrin tó ń da ẹ̀gẹ́ sí i má baà máa na apá jù. Ohun yòówù tí kò bá sí lórí bébà yẹn gbọ́dọ̀ ti ara àwọn tó wà níbẹ̀ jáde. Àárín gbùngbùn ṣáàfù ni mo máa ń fi ṣe orírun gbogbo àwòrán, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń yí. Àwọn igun tí a fẹ́ sọ di róbótó ni mo máa ń fi sí ìgbẹ̀yìn, torí pé bí wọ́n bá ti wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn nǹkan mìíràn lè gbé ìpìlẹ̀ lé etí tí yóò pòórá lọ́la. Mo sì máa ń fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórúkọ. SolidWorks a máa pe gígé kan ní Cut-Extrude pẹ̀lú nọ́ńbà. Èmi a máa pè é ní ihò bẹ́ríǹgì tàbí ẹnu ìdẹ̀gẹ́sí, ní Yorùbá, ẹni tó bá sì ṣí fáìlì náà lẹ́yìn mi yóò ka bí a ṣe kan ẹ̀rọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ibi tí àwọn oníṣẹ́ irin ti kọ́kọ́ gbà mí gbọ́ ni ọ̀rọ̀ páànù títẹ̀. Ẹnu ẹ̀rọ tí ẹ̀gẹ́ ń gbà wọlé fẹ̀ lókè, ó sì há nísàlẹ̀, ojú mẹ́rin ni ó ní, wọ́n sì fì. Tẹ́lẹ̀, kọ́ńpáàsì àti páálí ni a fi ń wá bí yóò ṣe rí nígbà tí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kí a tó fi ẹfun yà á sórí páànù. Sọ́fítíwíà tuntun ń tẹ́ ẹ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí n dúró lé lórí. Bí a bá tẹ páànù, ẹ̀yìn rẹ̀ ń fà, inú rẹ̀ ń fún pọ̀, ìpele kan sì wà láàárín méjèèjì tí gígùn rẹ̀ kì í yí padà. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní K-factor ni ó ń sọ ibi tí ìpele yẹn wà nínú ìnípọn páànù. Ẹ jẹ́ kí a mú páànù 2 mílímítà, tí a tẹ̀ ní igun 90 kí inú ìtẹ̀ rẹ̀ ní rédíọ́ọ̀sì 2 mílímítà. Bí K bá jẹ́ 0.44, ìtẹ̀ náà yóò jẹ nǹkan bíi 4.5 mílímítà nínú páànù. Bí a bá gé ọ̀já páànù tó gùn ní 100 mílímítà, tí a tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, tí a wọn apá méjèèjì láti ìta, tí a sì ro wọ́n pọ̀, a ó rí nǹkan bíi 103.5. Ẹni tí kò mọ èyí yóò gé páànù rẹ̀ gùn jù ní gbogbo ìtẹ̀, tí ìtẹ̀ bá sì tó mẹ́rin lára nǹkan kan, ìyàtọ̀ náà ti ju ohun tí ihò bóòtù lè gbà lọ.

Sọ́fítíwíà a fún ọ ní K tirẹ̀ láìjẹ́ pé o béèrè. Nọ́ńbà yẹn kò mọ ẹ̀rọ ìtẹ̀páànù tó wà ní àdúgbò rẹ. Nítorí náà, ohun tí mo máa ń ṣe ni pé n ó gé ọ̀já kan láti ara páànù tí a fẹ́ lò gan-an, n ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́, n ó fi kálípà wọ̀n ọ́n, n ó sì padà wá kọ K tí ó bá jáde sínú àwòrán. Páànù tí kì í dípẹtà àti páànù lásán kì í fúnni ní èsì kan náà. Ẹni tó bá ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan fún ìnípọn kọ̀ọ̀kan ti ní ìwé tí kò sí ẹni tó lè tà á fún un.

Lẹ́yìn tí a bá ti ya ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, a ó kó wọn jọ lórí kọ̀ǹpútà bí a ṣe máa kó wọn jọ ní ibi iṣẹ́. SolidWorks lè yẹ gbogbo rẹ̀ wò, kí ó sì fi ibi tí irin méjì ti wọ inú ara wọn hàn ní àwọ̀ pupa. Ó dára púpọ̀. Bí ìbòrí bẹ́líìtì bá fẹ́ gba ibi tí ẹsẹ̀ férémù wà, a óò ti mọ̀ kí a tó ra irin. Síbẹ̀, wẹ́dà àgbà kan ni ó kọ́ mi ní ohun tí àyẹ̀wò yẹn kò lè sọ. Ó wo ẹ̀rọ tí mo ti kó jọ lórí kọ̀ǹpútà, ó ní, "Ẹ̀ńjíníà, yí i kí n rí abẹ́ rẹ̀." Mo yí i. Ó nàka sí igun kan lábẹ́ àpótí, ó ní, "Níbo ni ọwọ́ mi yóò gbà kí n tó lè jó ibí yìí?" Mo ní, "Bàbá, ẹ ò ní lè dé ibẹ̀ lóòótọ́." Irin kankan kò kan ara wọn níbẹ̀, kọ̀ǹpútà kò sì rí nǹkan kan wí. Láti ìgbà náà ni mo ti ya sípánà, ọwọ́ tó mú wẹ́díńgì, àti orí òòlù gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà ọ̀tọ̀, tí mo sì máa ń gbé wọn dé gbogbo ibi tí oníṣẹ́ ní láti dé. Wọn kì í wọ inú àwòrán tí a tẹ̀ sórí bébà, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n ń pinnu ibi tí bóòtù yóò wà.

Ìwúwo tún jẹ́ ẹ̀bùn kan. Páànù irin lásán tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, tó gùn ní mẹ́jọ, tí ó sì nípọn ní 2 mílímítà, wúwo tó nǹkan bíi kílò 47, nítorí pé irin máa ń wọn nǹkan bíi 7,850 kílò nínú mítà kíúbù kan. Sọ́fítíwíà ń ṣírò irú èyí fún gbogbo ẹ̀yà lẹ́ẹ̀kan náà, a sì lè sọ fún oníbàárà iye ènìyàn tí yóò gbé ẹ̀rọ náà sínú ọkọ̀ àti iye páànù tí owó rẹ̀ yóò rà. Ohun tí ó yẹ kí a ṣọ́ ni pé a gbọ́dọ̀ sọ irú irin tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan jẹ́. Bí a kò bá sọ ọ́, SolidWorks a máa fi ìwúwo omi ṣírò, ẹ̀rọ ńlá yóò sì fúyẹ́ lórí bébà ju bó ṣe yẹ lọ.

Bébà kò tíì kúrò nílẹ̀ o. Wẹ́dà kò ní gbé kọ̀ǹpútà sí ibi tí iná ń ta pàrà. Àwòrán tí a óò tẹ̀ ni ó ń dé ọwọ́ rẹ̀, ibí yìí sì ni àwọn tó ti lo AutoCAD dáadáa ti ń fi iyì wọn hàn, nítorí pé wọ́n mọ ìwọ̀n tí oníṣẹ́ nílò àti ibi tí ó ti yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n. Sọ́fítíwíà lè kó gbogbo ìwọ̀n tí a fi ya nǹkan sórí bébà, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí a fi yà á kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ èyí tí a óò fi gé e. Àwòrán mi bẹ̀rẹ̀ láti àárín ṣáàfù. Ẹni tó ń gé irin kò rí àárín ṣáàfù kankan, etí irin ni ó rí, láti etí yẹn ni mo sì gbọ́dọ̀ ti wọn gbogbo ihò fún un. Ohun kan tún wà tó kéré lójú tó sì lè ba iṣẹ́ jẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n fi kọ́ wa ní ilé-ìwé ní Nàìjíríà, tí a jogún láti Bìrìtìkó, ni kí àwòrán òkè wà nísàlẹ̀ àwòrán iwájú. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbé e sókè. Bí a bá fi ìlànà Amẹ́ríkà gbé sọ́fítíwíà sórí kọ̀ǹpútà, ìlànà tiwọn ni yóò máa tẹ̀ jáde, ihò tó yẹ kí ó wà ní ọwọ́ ọ̀tún lè bọ́ sí òsì. Ẹ yí i padà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì rí i pé àmì tó ń sọ irú èyí tí a lò wà ní ìsàlẹ̀ gbogbo bébà.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sábà máa ń bi mí nípa àwòrán àtijọ́ tó kún inú kọ̀ǹpútà wọn. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí wọ́n má ṣe gbìyànjú láti kó gbogbo rẹ̀ kọjá. Lóòótọ́ ni SolidWorks lè gba ìlà AutoCAD wọlé, ṣùgbọ́n ìlà tí kò ní ìdí ni yóò wọlé, ọgọ́rùn-ún wọn lẹ́ẹ̀kan, tí gbogbo wọn jẹ́ búlúù. Èyí tí oníbàárà bá tún béèrè ni kí a tún yà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a fi àwòrán àtijọ́ sí ẹ̀gbẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá béèrè, kí ó dúró síbi tó wà. AutoCAD ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà tèmi náà: mo ń lò ó fún ìlànà ilé tí a óò ti máa ṣe gààrí, níbi tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan yóò dúró sí àti ibi tí omi yóò gbà jáde, nítorí pé iṣẹ́ yẹn kò nílò ju ìlà lọ. Bí mo bá fẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ gé páànù fún mi, fáìlì DXF, tí Autodesk dá sílẹ̀ fún AutoCAD, ni wọ́n ṣì ń béèrè.

Owó kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fò dá. Owó SolidWorks ga fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lóun nìkan, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí mo fi kọ́ FreeCAD, tí kò ní owó, tí ó sì ń tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà. Ó ti pẹ́ tí FreeCAD ní àìsàn kan: bí a bá yí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ padà, ó lè gbàgbé etí tí ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e dúró lé. Ẹ̀dà 1.0 tó jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024 tọ́jú ọ̀pọ̀ nínú àìsàn yẹn, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń fi ọkàn balẹ̀ dámọ̀ràn rẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́. Onshape náà wà, tí Hirschtick àti àwọn mìíràn dá sílẹ̀ lẹ́yìn SolidWorks, inú íntánẹ́ẹ̀tì ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá ti dúró ire, n kò lè gbé iṣẹ́ oníbàárà lé e. Ní ti iná mànàmáná, gbogbo wa la mọ bó ṣe rí. Kí a ní inverter, kí a sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa fi iṣẹ́ pamọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ sì rántí pé ní SolidWorks, àkójọ ẹ̀rọ kò gbé ẹ̀yà rẹ̀ sínú ara rẹ̀, ó kàn mọ ibi tí wọ́n wà ni; bí ẹ bá fi àkójọ nìkan ránṣẹ́ sí ẹnìkan, òfo ni yóò ṣí. Fáìlì tí a fi ẹ̀dà tuntun ṣe kì í sì í sábà ṣí lórí ẹ̀dà àtijọ́, nítorí náà àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí ẹ̀dà kan.

Àwọn ọmọ tó ń wọlé wá kọ́ṣẹ́ nísinsìnyí kò mọ AutoCAD, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì yára ju mi lọ lórí kọ̀ǹpútà. Ohun tí mo rí pé ó sọnù lọ́wọ́ wọn ni kí a gbé bébà tó ní àwòrán mẹ́ta síwájú wọn, kí wọ́n sì lè fojú inú rí ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀, nítorí pé kọ̀ǹpútà ti ń bá wọn rí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n fi pẹ́ńsùlù yà á fún ìgbà díẹ̀, bí wọ́n bá tilẹ̀ ń kùn. Fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ń ti orí AutoCAD bọ̀, òdìkejì ni mo máa ń fún wọn ṣe: n ó fi púlì gidi kan lé wọn lọ́wọ́, pẹ̀lú kálípà, n ó ní kí wọ́n kọ ìwọ̀n tó ń pàṣẹ nínú rẹ̀ sórí bébà, kí wọ́n yà á ní SolidWorks, kí n sì wá yí ìbú ihò àárín rẹ̀ padà lójú wọn láti 30 sí 35. Bí ibi tí a gbẹ́ fún kọ́kọ́rọ́ ṣáàfù, irin kékeré tó ń so púlì mọ́ ṣáàfù, bá tẹ̀ lé ihò náà, tí irin tó yí i ká kò sì tín-ín-rín ju bó ṣe yẹ lọ, a ó kúrò lórí púlì, a ó sì bọ́ sórí bẹ́ríǹgì.